Mo gbé báàgì awọ mi lọ fún àwọn oníṣẹ́ awọ kan ní Kàbà: iṣẹ́ wọn mọ́, ṣùgbọ́n èéfín yẹn!

Ẹ̀yin ará ilé, okun o. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ èyí, iṣẹ́ ò jẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bèèrè pé ta ló kun báàgì mi tó fi dà bíi tuntun, ẹ jókòó kẹ́ ẹ gbọ́, mi ò sì ní sọ ibi tó dáa nìkan.

Báàgì yẹn, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló rà á fún mi nígbà tí mo parí NCE, awọ gidi ni, kì í ṣe rọ́bà. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbé e láti Ìyàrá lọ síbi iṣẹ́, lórí ọ̀kadà, nínú òjò, nínú eruku ọyẹ́, títí àwọ̀ ẹ̀ fi ṣí tán tí etí ẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í hu irun. Mo kọ́kọ́ gbé e fún ẹnì kan ní Lọ́kọ́ja. Ẹni yẹn kàn da dáì lé e lórí bó ṣe wà, ó fi pólíìṣì nù ún, ó ń dán gbinrin, èmi náà ń yọ̀. Ọjọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e mo wọ léèsì funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí n tó délé gbogbo ìhà mi ti di búráùn. Oṣù kan ò pé tó fi ń bó bí èèpo àlùbọ́sà.

Ibi tí mo wá lọ ní Kàbà yìí, ẹ ò lè rí i látojú títì, ẹ máa bèèrè. Yàrá mẹ́ta ni, wọ́n ń gé awọ ní ti iwájú, wọ́n ń rán an ní ti àárín, ti ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń kùn ún. Kánò lawọ wọn ti ń wá, bíi ti ọ̀pọ̀ èèyàn. (Ẹ̀yin mọ̀ pé awọ ewúrẹ́ pupa tí àwọn òyìnbó ń pè ní awọ Morocco láyé àtijọ́, apá òkè ọ̀hún ní ilẹ̀ Hausa ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ti ń wá, àwọn oníràkúnmí ló ń gbé e gba aṣálẹ̀ kọjá, ẹni tó bá wọn tà á lọ́hùn-ún ló wá gba orúkọ. Ẹ jẹ́ ká máa bọ̀ jàre.)

Ọ̀gá wọn, ọmọ Yàgbà, kò tiẹ̀ dá mi lóhùn lórí iye owó. Ó kán omi sórí báàgì náà, omi dúró roboto, kò wọlé. Ó ní, "Àǹtí, ibi tómi ò bá ti wọlé, dáì náà ò ní wọlé." Ìyẹn ni wọn ò sọ fún mi ní Lọ́kọ́ja. Wọ́n fi àkísà tí wọ́n rẹ sínú tínà, omi tí wọ́n fi ń po ọ̀dà, nù ún, nù ún, àkísà mẹ́fà ni mo kà kó tó di pé èyí tó gbẹ̀yìn jáde láì ní àwọ̀ lára. Ó tún kán omi sí i, omi wọlé ṣùù. Ó ní kí n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kó gbẹ dáadáa, kí n lọ mú àwọ̀ tí mo bá fẹ́. Ó fi pupa kan hàn mí tó jìn, mo ní rárá o, ó ti jọ aṣọ pupa Bùnú tí wọ́n fi ń sìnkú àgbà jù, ẹ fún mi ní búráùn mi. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Dáì náà, ó lo tó tín-ín-rín, ó dúró kó gbẹ, ó tún lo òmíì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Etí báàgì ni mo fẹ́ràn jù láti máa wò. Ọmọdékùnrin kan fi sáńpépà fá a, ó fi omi díẹ̀ àti gọ́ọ̀mù pa á, ó wá mú igi kékeré kan tí wọ́n gbẹ́ ihò sí, ó ń fi ha á síwá sẹ́yìn kíákíá títí awọ náà fi gbóná tó sì ń dán bí èèpo àgbọn tí wọ́n ti fá, kó tó wá fi ìda oyin rà á. Mo fọwọ́ kàn án, kò sí irun kankan mọ́.

Kí wọ́n tó fi sípíréè ṣe fíníṣìn, ìyẹn èyí tó ń bo dáì lórí, mo ní kí wọ́n kúkú fún un nípọn kó lè pẹ́. Ọ̀gá ò jiyàn, ó mú àjákù awọ méjì tó wà lórí tábìlì, èyí tí wọ́n fún ní púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan àtèyí tí wọ́n fún ní díẹ̀díẹ̀, ó ká méjèèjì pọ̀ níwájú mi. Ti àkọ́kọ́ sán tẹẹrẹtẹẹrẹ níbi tó ti ká, ti kejì ò ṣe nǹkan kan. Mo panu mi dé.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n ráhùn. Bàtà ọkọ mi tí mo kó mọ́ ọn, ọjọ́ tí òjò ń rọ̀ ni wọ́n fún un ní sípíréè, ara ẹ̀ wá funfun kúkùùkú bí ojú dígí tí èèyàn mí sí. Nǹkan tó ń fà á ni pé tí afẹ́fẹ́ bá tutù tó sì kún fún omi, omi yẹn á há sábẹ́ fíníṣìn nígbà tí tínà ń gbẹ. Wọ́n mọ̀, wọ́n sì tún un ṣe láì gbowó, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá mọ̀, kí ló dé tẹ́ ò dúró kójò dá? Ọjọ́ mẹ́rin tí wọ́n dá fún mi di ọjọ́ mọ́kànlá. NEPA náà dá kún un sha, kọ̀mpírẹ́sọ̀ ò ṣiṣẹ́ láìsí iná.

Ṣùgbọ́n èyí tó ń dùn mí jù ni yàrá ẹ̀yìn yẹn. Fèrèsé kan ṣoṣo, òkè téńté ló wà, bẹ́ẹ̀ èéfín tínà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rọ̀ sí, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn ọmọ náà ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣiṣẹ́ sí, háńkí lásán ni wọ́n dì mọ́mú. Mi ò lò tó ogún ìṣẹ́jú tórí mi fi ń fọ́. Wẹ́dà kan tún wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì tí iná ń ta pàrà! Mo ní, ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lu ihò sísàlẹ̀ ògiri, ẹ fi fáàn kan síbẹ̀ tá á máa fa nǹkan yìí jáde, kẹ́ ẹ sì ra ìbomú gidi fáwọn ọmọ yìí, èyí tó ní fítà, torí èyí tá a lò nígbà kòrónà kì í dá èéfín tínà dúró. Ọ̀gá ní Ọlọ́run ló ń ṣọ́ wọn. Mo ní Ọlọ́run náà ló rán mi sí yín.

Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún náírà ni mo san, báàgì àti bàtà. Kò wọ́n lójú mi, awọ tuntun ò ṣe é rà níye yẹn. Tẹ́ ẹ bá lọ, ẹ má gbé suede, awọ tó rí múlọ́múlọ́ yẹn, fún wọn, wọ́n ba ti ọ̀rẹ́ mi jẹ́, ẹ sì mú háńkí funfun dání, kẹ́ ẹ fi ra ẹrù yín dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó. Tèmi ò yọ nǹkan kan.

Ọ̀gá ní òun máa lu ihò yẹn kí ẹrù Kérésìmesì tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Bàtà iléèwé ọmọ mi ṣì wà lọ́wọ́ wọn, Saturday ni mo máa lọ gbà á, ògiri yẹn ni mo sì máa kọ́kọ́ wò.