SNODAS: máàpù tó ń sọ iye omi tó wà nínú yìnyín

Iṣẹ́ gọ́tà àti ojú ọ̀nà omi ni mò ń ṣe ní àgbègbè odò Red River, láàárín North Dakota àti Minnesota, ní Amẹ́ríkà. Níbí, gíga yìnyín kọ́ là ń bẹ̀rù, omi inú ẹ̀ ni. Yìnyín tuntun tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 30 lè yọ́ kó má ju omi sẹ̀ǹtímítà 3 lọ. Èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀ tó sì ti ki, tó ga bákan náà, lè di omi sẹ̀ǹtímítà 10. Ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n. Ìdí tí mo fi ń lo SNODAS nìyẹn.

NOAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ojú ọjọ́ àti òkun, ló ń gbé e jáde lójoojúmọ́ láti 2003, ọ̀fẹ́ sì ni. Ó pín ilẹ̀ sí kìlómítà kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣírò ooru oòrùn, atẹ́gùn àti òjò tàbí yìnyín tó rọ̀, kó tó sọ iye tó ń yọ́. Wọ́n tún ń fi ohun tí sátẹ́láìtì rí àti ohun táwọn èèyàn wọ̀n nílẹ̀ ṣàtúnṣe ìṣirò náà. Ti bàálù ló wù mí jù: á fò nílẹ̀nílẹ̀, bíi mítà 150, á máa wọn ìtànṣán gamma, èyí tí ojú ò lè rí, tó ń ti inú ilẹ̀ jáde. Omi inú yìnyín máa ń dí ìtànṣán yẹn lọ́nà. Wọ́n á wá fi wé iye tí wọ́n rí kí yìnyín tó bo ilẹ̀. Bó bá ṣe dín kù sí, bẹ́ẹ̀ lomi ṣe pọ̀ sí.

Tó bá ti di oṣù kẹta, apá gúúsù ni mo kọ́kọ́ ń wò. Àríwá ni odò yìí ń ṣàn lọ: yìnyín gúúsù á ti máa yọ́ nígbà tí odò ṣì dì gbagidi ní àríwá, ilẹ̀ tó dì ò sì ní fa omi mu. Ní oṣù kẹrin 1997, omi odò náà ga kọjá ẹsẹ̀ bàtà 54 ní ìlú Grand Forks.

Máàpù orí íntánẹ́ẹ̀tì rọrùn. Fáìlì gan-an, tó wà lọ́dọ̀ NSIDC, ibùdó tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ nípa yìnyín ní ìlú Boulder, kì í ṣe ti ẹni tí kò mọ kóòdù kọ. Ẹ kọ́kọ́ yọ gbogbo -9999 kúrò o! Kò sí ìwọ̀n níbẹ̀ ló túmọ̀ sí; tẹ́ ẹ bá rò ó pọ̀ mọ́ ìyókù, ìṣirò yín bà jẹ́ nìyẹn.

Mo fún un ní 4 nínú 5 fún ilẹ̀ títẹ́jú àti inú igbó. Orí òkè gíga tí kò ní igi, ẹ má fi ọkàn tán an púpọ̀, torí atẹ́gùn. Ìjì lè gbá oko kan mọ́ tónítóní, kó sì kó gbogbo yìnyín ẹ̀ dà sí gọ́tà ẹ̀gbẹ́ títì, síbẹ̀ nọ́ńbà kan ṣoṣo ni kìlómítà yẹn máa ní. Páìpù àti òṣùwọ̀n ò kúrò nínú ọkọ̀ mi: màá ti páìpù bọ yìnyín títí á fi kanlẹ̀, màá wọn bó ṣe wúwo tó, kí n tó sọ fún ọ̀gá mi bóyá gọ́tà ibẹ̀ á gbà á.