Họ́ọ̀bù Jíà Mẹ́ta Sturmey-Archer: Èyí Tí Mo Ń Gùn Ní Ògbómọ̀ṣọ́

Bí ẹ bá ń wá kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ rà ní Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí, ẹ má tíì wo ọ̀dà ara rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo àárín táyà ẹ̀yìn, níbi tí gbogbo sípóòkù ti pàdé; họ́ọ̀bù ni irin ibẹ̀ ń jẹ́. Bí ẹ bá rí irin roboto tó sanra ju ti kẹ̀kẹ́ lásán lọ, tí wọ́n tẹ Sturmey-Archer sí i lára, tí lẹ́tà A àti W sì wà níbẹ̀, ẹ dúró ti kẹ̀kẹ́ yẹn ná. Irú rẹ̀ ni mò ń gùn lọ sí ilé ìwé àti oko láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí owó ọ̀kadà láti Màsífà dé Táákì di ohun tí owó oṣù tíṣà kò gbà mọ́. Mo san ₦90,000 lórí kẹ̀kẹ́ náà lẹ́yìn tí a ti ná an dáadáa. Raleigh ni, dúdú, ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí lọ́pọ̀ ibi. Nọ́ńbà tó wà lára họ́ọ̀bù rẹ̀ ni 68 àti 4, ìyẹn ni pé oṣù kẹrin ọdún 1968 ni wọ́n ṣe é ní Nottingham, ní Ìlú Ọba. Ilé iṣẹ́ Sturmey-Archer máa ń tẹ ọdún àti oṣù sára iṣẹ́ wọn. Èmi ò mọ iye ẹ̀rọ tó wà nílé wa lónìí tó lè sọ ọjọ́ orí ara rẹ̀ báyẹn.

Jíà mẹ́ta ló ní, inú họ́ọ̀bù sì ni gbogbo wọn wà. Kò sí irin kankan tó fì sí ẹ̀gbẹ́ ṣéènì. Wáyà kan ló ti ọwọ́ kẹ̀kẹ́ wá, ó so mọ́ ṣéènì tín-ín-rín kan tó wọ inú ọ̀pá àárín lọ. Bí ẹ bá fi ìka ti ọwọ́ jíà, wáyà á fa ṣéènì náà tàbí kó tú u sílẹ̀, jíà á sì yí. Ẹ lè yí i nígbà tí ẹ dúró sójú kan ní Táákì tí ẹ ń dúró de mọ́tò kí ó kọjá. Kẹ̀kẹ́ tí jíà rẹ̀ wà níta kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó di dandan kí ẹ máa wa ẹsẹ̀ kí ó tó gbà.

Ìmọ̀ ẹ̀rọ ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ JSS 2, nítorí náà mo tú họ́ọ̀bù náà palẹ̀ níwájú wọn, mo sì ní kí wọ́n ka eyín rẹ̀. Òrùka eléyín kan wà níta tó ní eyín 60. Jíà àárín ní eyín 20, kì í sì í yí rárá, torí ara ọ̀pá àárín gan-an ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Jíà kéékèèké mẹ́rin, eléyín 20 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ló ń sáré láàárín àwọn méjèèjì. Ìṣirò rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ pín 20 sí 60, ẹ ó rí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ní jíà kẹta, bí irin eléyín tí ṣéènì ń fà bá yí lẹ́ẹ̀kan, táyà á yí lẹ́ẹ̀kan àti ìdá kan nínú mẹ́ta. Ní jíà kejì, àwọn méjèèjì dọ́gba. Ní jíà kìn-ín-ní, táyà á yí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin péré, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti máa ń fúyẹ́ lórí òkè. Ọmọbìnrin kan ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé nígbà tí mo bá ń wa pẹ́dà ní jíà kejì àti ìkẹta, họ́ọ̀bù á máa dún tíkì-tíkì-tíkì, ṣùgbọ́n bó bá ti bọ́ sí jíà kìn-ín-ní, kẹ́kẹ́ pa. Òótọ́ ló sọ. Àwọn ìkọ́ kékeré tó ń gbé táyà ní jíà kìn-ín-ní ni táyà ń sáré kọjá lórí wọn nígbà tí jíà tó ga bá ń ṣiṣẹ́, ìyẹn ló ń dún. Etí lásán ti tó láti mọ̀ bóyá jíà kìn-ín-ní ni ẹ wà.

Orúkọ ènìyàn méjì ló wà lára irin yìí, ṣùgbọ́n ẹni kẹta ló fi orí ara rẹ̀ ronú iṣẹ́ náà. Henry Sturmey ti jẹ́ tíṣà rí kó tó di akọ̀wé ìròyìn nípa kẹ̀kẹ́ àti mọ́tò. James Archer jẹ́ ẹnjiníà. Ní ọdún 1902, ọwọ́ Frank Bowden tó ni Raleigh ní Nottingham ni ọ̀rọ̀ jíà wọn dé. Bowden yìí ti rí owó ní Hong Kong, àìsàn sì dá a padà sílé. Dókítà ló ní kó máa gun kẹ̀kẹ́, ara rẹ̀ yá débi pé ó wá ṣọ́ọ̀bù kékeré tó ṣe kẹ̀kẹ́ náà lọ ní òpópónà Raleigh, ó sì sọ ọ́ di ilé iṣẹ́ ńlá láti ọdún 1888. Jíà tí Archer gbé wá, William Reilly ti ìlú Salford ló ronú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Reilly ti tọwọ́ bọ ìwé pẹ̀lú ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe jíà méjì, àdéhùn náà sì fún ilé iṣẹ́ yẹn ní àṣẹ lórí ohun tuntun tó bá tún ṣe. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gba ìwé àṣẹ lórúkọ Archer. Ọdún 1903 ni jíà mẹ́ta náà bọ́ sọ́jà. Ó máa ń dùn mí bí mo bá ń nu ara họ́ọ̀bù náà, pé ẹni tó fi orí ara rẹ̀ rò ó kò ní orúkọ níbẹ̀.

Èyí tí mò ń gùn, AW, ọdún 1936 ló jáde. Ní àkókò kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe dínámò tó ń gbé inú họ́ọ̀bù iwájú, tí kì í ha táyà rárá. Wọ́n ti ṣe jíà fún alùpùpù náà rí. Ṣùgbọ́n AW ni ọmọ tó gbé orúkọ ilé náà ró. Ní ọdún 1955 wọ́n fẹ́ fi òmíràn tó ń jẹ́ SW rọ́pò rẹ̀, èyí tó fúyẹ́ jù tí ohun inú rẹ̀ sì kéré. SW bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi padà sídìí AW. Bí ẹ bá rí S níbi tó yẹ kí A wà, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí nìyí: wọn kò yí inú AW padà púpọ̀ láti ọdún 1936. Mo fọwọ́ ara mi rí ẹ̀rí rẹ̀. Bàbá àgbà mi ṣòwò ní Tamale, wọ́n sì wà lára àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí òfin ìjọba Gánà lé wálé ní ọdún 1969. Họ́ọ̀bù ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ wọn wà nínú àpótí irin lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi, 53 ló wà lára rẹ̀. Nígbà tí sípíríǹgì ìkọ́ kan já nínú tèmi, mo gbé méjèèjì lọ bá bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nítòsí Ọjà Jagun. Bàbá tẹ́ àkísà sílẹ̀, wọ́n yọ nọ́ọ̀tì, wọ́n fi òòlù àti irin ẹlẹ́nu gbá òrùka ọwọ́ ọ̀tún díẹ̀díẹ̀ títí ó fi yí.

"Tíṣà, ẹ rọra gbé e o," wọ́n ní. "Bí bọ́ọ̀lù wọ̀nyí bá fọ́n sínú iyanrìn, a ó jọ ṣà á dalẹ́ ni."

Sípíríǹgì náà tín-ín-rín bí irun orí. Bàbá fi abẹ́rẹ́ yọ èyí tó wà nínú họ́ọ̀bù Tamale, wọ́n fi sínú tèmi pẹ̀lú ìkọ́ rẹ̀, ó sì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Irin ọdún 1953 bá irin ọdún 1968 lò láìsí pé a fi fáìlì kàn án. Ìgbà tí Bàbá dì í padà tán, wọ́n yí pẹ́dà pẹ̀lú ọwọ́, wọ́n gbọ́ tíkì-tíkì, wọ́n mi orí. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ẹ̀rọ yìí nìyẹn: ẹni tó ní sípánà, òòlù àti sùúrù lè ṣí i, kó tún un ṣe, kó sì pa á dé.

Ó ní àléébù, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ wọ́n dáadáa. Èyí tó léwu jù ni pé àyè òfìfo kan wà láàárín jíà kejì àti ìkẹta. Bí wáyà bá dẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ tàbí tó le jù, jíà lè bọ́ sí àyè yìí, pẹ́dà á sì lọ sílẹ̀ pátápátá lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ẹni tó bá dìde dúró lórí pẹ́dà nígbà náà á fi àyà lu irin. Àtúnṣe rẹ̀ kò gba owó: ẹ fi ọwọ́ jíà sí 2, ẹ wo ihò ara nọ́ọ̀tì ọwọ́ ọ̀tún. Orí irin tí ṣéènì kékeré náà so mọ́ gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú òpin ọ̀pá àárín gẹ́lẹ́. Bí kò bá dọ́gba, ẹ yí ìdè wáyà títí yóò fi dọ́gba. Mo máa ń wò ó kí n tó gbéra lọ sí ọ̀nà Ìrẹsà, níbi tí oko wa wà.

Bí wáyà bá já lójú ọ̀nà, jíà kẹta ló máa dúró sí, èyí tó wúwo jù. Bí ẹ bá ru iṣu sẹ́yìn, ẹ ó sọ̀kalẹ̀ tì í lórí òkè. Ẹ ní wáyà mìíràn nílé.

Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀tì tún wà níbẹ̀. Tíréèdì ọ̀pá àárín Sturmey-Archer kì í ṣe ti kẹ̀kẹ́ mìíràn; ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 13/32 íǹṣì, tíréèdì 26 sí íǹṣì kan. Ẹnìkan tó ń ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ fi dá mi lójú pé nọ́ọ̀tì kẹ̀kẹ́ Ṣáínà á wọ̀ ọ́, ó sì ti fẹ́ fi sípánà fipá yí i kí n tó gba kẹ̀kẹ́ mi lọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní ó yí i wọlé ni, ọ̀pá àárín ti bàjẹ́ nìyẹn, ara ọ̀pá yẹn sì ni jíà àárín wà. Inú bí mi gan-an lọ́jọ́ náà, torí ọ̀pọ̀ họ́ọ̀bù tó dára ni irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ti rán lọ sí ààtàn.

Ọ́ìlì ni oúnjẹ rẹ̀. Ihò kékeré kan wà lára rẹ̀ tó ní ìdérí. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti máa kán ọ́ìlì ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tó fúyẹ́ sí i. Ẹ má fi òróró ìdáná sí i láé, ṣe ló máa dì mọ́ àwọn ìkọ́ inú rẹ̀. Ní ìgbà ọyẹ́, tí eruku Ògbómọ̀ṣọ́ bá dé, mo máa ń kán an léraléra.

Ní ti òkè, jíà kìn-ín-ní rẹ̀ kò fúyẹ́ tó bí wọ́n ṣe ṣe é wá. Eyín iwájú tèmi jẹ́ 46, ti ẹ̀yìn sì jẹ́ 18. Mo yọ 18, mo fi 22 sí i. Òrùka irin kan ṣoṣo ló di irin eléyín ẹ̀yìn yẹn mú, ẹ lè fi ẹnu sikurúdíráfà yọ ọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ru ẹ̀gẹ́ gun òkè láìsọ̀kalẹ̀. Ẹ ó fi kún gígùn ṣéènì díẹ̀.

Ẹ ó gbọ́ kí àwọn kan sọ pé ilé iṣẹ́ náà ti kú. Kò kú. Ilé iṣẹ́ Tube Investments gba Raleigh, tó ni Sturmey-Archer, ní ọdún 1960, ilé iṣẹ́ Derby Cycle rà á ní ọdún 1987, wọ́n sì ta Sturmey-Archer fún ẹlòmíràn ní ọdún 2000, ilé iṣẹ́ ẹni yẹn sì dojú dé láìpẹ́. SunRace ti Taiwan ló ra orúkọ àti ẹ̀rọ, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ sí Taiwan, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é títí di òní. Yunifásítì Nottingham ti kọ́lé sórí apá kan ilẹ̀ Raleigh àtijọ́. Àwọn tuntun láti Taiwan dára lọ́nà tiwọn: àyè òfìfo tí mo sọ kò sí nínú èyí tó ń jẹ́ S-RF3, gírísì ló sì wà nínú rẹ̀ dípò ọ́ìlì. Fún ẹni tó ń gbé ìlú ńlá tí kò fẹ́ fọwọ́ kan ọ́ìlì, òun ni mo máa ní kí ó rà. Fún àwa tí a ní bàbá nítòsí Ọjà Jagun tó mọ inú AW, ti àtijọ́ ló yẹ wá.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ gbé táyà ẹ̀yìn sókè kí ẹ yí pẹ́dà ní jíà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ máa gbọ́ ìró rẹ̀. Ẹ di táyà mú, kí ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Ó yẹ kó mì díẹ̀ gan-an, kó má gbọ̀n. Ẹ wò ó bóyá àwọn wásà eléyín wà ní ọwọ́ méjèèjì, torí àwọn ni kì í jẹ́ kí ọ̀pá àárín yí. Kí ẹ sì gba nọ́ọ̀tì méjèèjì àti ṣéènì kékeré náà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á kí ẹ tó ka owó, nítorí nọ́ọ̀tì yẹn ṣòro rí ju họ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ lọ.