Sípárádírà (téèpù tí wọ́n fi ń di ọgbẹ́) tí a rà ní Wàńdó, àti bí pílásítà ṣe fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀

Ọjọ́ Iléyá ni o. Ẹ̀gbọ́n mi tó wá láti Èkó ló ní òun náà á bá wọn bó àgbò, ọ̀bẹ bá yọ̀, ó gé e ní àtàǹpàkò, ẹ̀jẹ̀ ò sì kéré. A fi aṣọ dì í, a gun zẹ́mì (ọ̀kadà), ó di fámásì dè gáàdì kan (ilé oògùn tó ń ṣí lọ́jọ́ ìsinmi) nítòsí ọjà Wàńdó, ẹ ṣáà mọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Bẹ̀nẹ̀) lọ́jọ́ ọdún, àwọn tó kù ti tì pa.

Ẹ̀gbọ́n mi ò gbọ́ Faransé rárá. Bó ṣe dé káńtà ló ní "ẹ fún mi ní pílásítà." Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ wo aṣọ tó wé mọ́ ọwọ́ ẹ̀, ó ní "Bọ̀ọ̀dá, ṣé eegun ló ṣẹ́ ni? Ọsibítù ni wọ́n ti ń ṣe pílátìrì, àwa kì í ṣe é níbí." Ẹ̀gbọ́n mi ní eegun kẹ̀! Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán. Màmá kan tó wà lẹ́yìn ló gbà wá, ó ní sípárádírà ló ń bèèrè, pílásítà làwọn ará Èkó ń pè é.

Màmá yìí ni mo fi ń kọ èyí. Ó fi kọ́mpírẹ́ẹ̀sì (gọ́ọ̀sì) tẹ ojú ọgbẹ́ náà títí ẹ̀jẹ̀ fi dá, ó fọ̀ ọ́, ó fi Bétadine, oògùn apakòkòrò, sí i, ó wá ń sọ fún wa pé ẹ má bínú sọ́mọ yẹn, ìyá kan náà ló bí pílásítà àti pílátìrì. Mo délé mo wò ó, òótọ́ ni! Emplastron làwọn Gíríìkì ń pè é, ohun tí wọ́n rẹ́ mọ́ nǹkan, bí ìgbà téèyàn ń rẹ́ ògiri gẹ́lẹ́. Látìnì gbà á, ó di emplastrum, Òyìnbó gé orí ẹ̀ ó di plaster, Faransé náà gé e ó di plâtre, èyí tí wọ́n fi ń di eegun tó sì tún wà lára ògiri. Kò yà mí lẹ́nu mọ́ pé orúkọ kan náà ni bíríkìlà ilé wa àti nọ́ọ̀sì ń pè. Sparadrap ní tiẹ̀ ti pẹ́ gan-an, láti ayé Látìnì Sànmánì Agbedeméjì, aṣọ tí wọ́n rì bọ oògùn yíyọ́ ni, ẹni tó bá gbọ́ Faransé á ṣáà gbọ́ drap, aṣọ, nídìí ẹ̀.

Ó yá, ọjà fúnra ẹ̀. Rọ́ọ̀lù funfun ni, mítà 5, fífẹ̀ ẹ̀ 2.5 sẹ̀ǹtímítà, 950 fáráǹ. Kì í ṣe Leukoplast tí wọ́n ti ń ṣe ní Jámánì láti 1901, àmọ́ irú ẹ̀ ni (leukos, funfun, Gíríìkì náà tún ni). Ó lẹ̀ dáadáa, ẹ̀gbọ́n mi jẹ ẹran, ó ṣan ọwọ́, ó làágùn, kò ṣí. Ọwọ́ lásán lèèyàn fi ń ya á. Ṣùgbọ́n ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ọgbẹ́ tààrà o, ẹ fi kọ́mpírẹ́ẹ̀sì sábẹ́ ẹ̀, ẹ má sì fi síbi tí irun wà, ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí i lẹ máa mọ̀. Ó tún ń fi gọ́ọ̀mù sílẹ̀ lára, òróró díẹ̀ ló ń mú un kúrò.

Ohun tí mi ò fẹ́ níbẹ̀: kò sí mọ̀nẹ́ (ṣéńjì). Ọmọkùnrin yẹn fẹ́ fi bọ́mbọ́ọ̀n (súìtì) rọ́pò 50 fáráǹ mi, mo ní mi ò gbà. Owó ò sì sí lára ọjà kankan, ẹ gbọ́dọ̀ bèèrè. Síbẹ̀ ibẹ̀ ni mo máa padà sí.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé rọ́ọ̀lù méjì lọ sí Èkó. Ó pè mí lánàá, ó ní ó ti ń tán lọ, kí n jọ̀ọ́ bá òun ra pílátìrì sí i.