Kéèkì inú láílọ́ọ̀nù: èyí tí mò ń fún ọmọ mi jẹ àti èyí tí n kò ní tà mọ́

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ta ìpápánu ní Kábbà. Bísíkíìtì, súwíìtì, míníráàlì, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ṣùgbọ́n láti aago mẹ́fà àbọ̀ sí aago mẹ́jọ àárọ̀, kéèkì inú láílọ́ọ̀nù ló ń yá jù. Àsìkò yẹn ni àwọn òbí ń gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé. Ìyá kan á dúró lórí ọ̀kadà, á na owó sí mi: "Ìyá Tọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní kéèkì méjì, wọ́n ti fẹ́ lu aago." Kò ní wo déètì, kò ní bi mí pé èwo ni mo mú fún òun. Èmi ló gbẹ́kẹ̀ lé. Nítorí ẹ̀ ni mo fi máa ń jẹ èyí tí mo bá fẹ́ tà kí n tó kó o sórí tábìlì, tí àwọn ọmọ mi mẹ́ta náà á sì jẹ ẹ́.

Kéèkì tí à ń jẹ lọ́dọ̀ wa ti rìn kó tó dé ẹnu wa. Tèmi sábà máa ń gba Lọ́kọ́jà wọlé, á gba Ọbàjànà kọjá láàárín àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó ń kó sìmẹ́ǹtì. Nígbà mìíràn ó máa ń ti Ìlọrin wá, á gba Ẹ̀gbẹ̀ àti Ìsánlú. Abẹ́ tapólì ló máa ń wà ní gbogbo ọ̀nà yẹn. Ẹni tó bá ti dúró ní Lọ́kọ́jà rí nínú oṣù kẹta mọ bí oòrùn ibẹ̀ ṣe ń ta. Torí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kéèkì wo ló dáa, n kì í sọ ti bó ṣe rí nígbà tó kúrò níléeṣẹ́. Bó ṣe rí nígbà tí mo fi ọ̀bẹ la páálí rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ni mo máa ń sọ.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni kéèkì kékeré onífánílà, tí wọ́n ń dì ní méjì-méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jókòó sínú bébà tirẹ̀. Kò ní kírímù, kò ní ṣokoléètì, kò ní àwọ̀ kankan ju pé orí rẹ̀ pọ́n díẹ̀ bí ìgbà tí iná bá fọwọ́ kàn án. Iléeṣẹ́ bíi mẹ́ta ló ń ṣe irú rẹ̀ tí mo ti tà, gbogbo wọn ló sì dáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan dùn ju àwọn yòókù lọ. Mo máa ń fi àtàǹpàkò tẹ orí rẹ̀. Èyí tó bá ṣì dára á wọlé, á sì gbéra padà díẹ̀díẹ̀, bíi tìmùtìmù tí ẹni tó jókòó lé e ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Èyí tó bá ti pẹ́, ojú ìka á dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń bó bébà rẹ̀. Bí bébà bá bó láìfi kéèkì ya, tí kò sì fi òróró sí mi lọ́wọ́, mo ti mọ̀ pé ọ̀rá inú rẹ̀ kò pọ̀ jù. Tí mo bá gbé e sí imú, òórùn fánílà ló máa ń kọ́kọ́ dé, òórùn ẹyin á wá tẹ̀ lé e. Ọ̀ọ́dúnrún náírà ni mò ń ta méjì. Kò lè mú ọmọdé yó, ṣùgbọ́n ó lè gbé e dé ìgbà ìsinmi.

Kéèkì gígùn tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́ náà kò burú. Ó dáa fún àlejò àti fún tíì. Ẹ má kàn ṣí i sílẹ̀ lásìkò ọyẹ́, torí tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, á ti gbẹ bíi kànrìnkàn.

Èyí tó burú jù wá ńkọ́? N kò ní dárúkọ iléeṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n màá sọ bó ṣe rí kí ojú yín lè dá a mọ̀. Nínú oṣù kẹta ọdún tó kọjá ni mo ra páálí méjì. Kéèkì pupa rẹ́súrẹ́sú ni, wọ́n ká a bí ẹni ká ẹní, kírímù funfun wà láàárín rẹ̀. Àwòrán ara láílọ́ọ̀nù rẹ̀ rẹwà gan-an, àwòrán yẹn náà ló tàn mí. Ọjọ́ tó dé, mo ṣí ọ̀kan. Kírímù kò sí nínú kéèkì mọ́. Ó ti yọ́ lójú ọ̀nà, ó ti lẹ̀ mọ́ inú láílọ́ọ̀nù, ó tún ti dì síbẹ̀, funfun, bí ọ̀rá tó bá dì sójú ọbẹ̀ àná. Kéèkì tó kù fẹ́lẹ́, ó sì ń fi aró sí mi níka. Mo wo ibi tí wọ́n tẹ déètì sí, mo fi àtàǹpàkò nù ún, àfi bí nọ́ńbà méjì ṣe pa rẹ́. Mo ronú owó tí mo ti san, mo sì ṣe ohun tí kò yẹ kí n ṣe: mo kó wọn sórí tábìlì.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá kan tó máa ń rajà lọ́wọ́ mi lójoojúmọ́ fi ẹsẹ̀ rìn wá. Kò pariwo. Ó gbé èyí tí ọmọ rẹ̀ jẹ kù sílẹ̀, ó ní, "Ìyá Tọ́lá, ọmọ yìí ní ọṣẹ ni òun ń gbọ́ lẹ́nu. Ẹ tọ́ ọ wò." Mo tọ́ ọ wò. Òótọ́ ni ọmọ náà sọ. Mo dá owó rẹ̀ padà, mo bẹ̀ ẹ́, mo sì da páálí kan àti àbọ̀ tó kù nù. Ó dùn mí púpọ̀, owó rẹ̀ dùn mí, ṣùgbọ́n bí ìyá yẹn ṣe rọra sọ̀rọ̀ ló dùn mí jù.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ka ẹ̀yìn láílọ́ọ̀nù dáadáa. Lára kéèkì pupa yẹn, wọ́n kàn kọ pé àwọ̀ wà níbẹ̀, wọn kò sọ irú àwọ̀ tó jẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀rọ̀ àwọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Nínú oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ FDA, tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, fòfin de aró pupa kan tí wọ́n ń pè ní Red No. 3 nínú oúnjẹ, torí pé àyẹ̀wò ti fi hàn pé ó ń fa jẹjẹrẹ fún akọ eku. Wọ́n fún àwọn tó ń ṣe oúnjẹ di oṣù kìíní 2027 kí wọ́n fi yọ ọ́ kúrò. Èmi kò lè sọ pé òun ló wà nínú kéèkì tí mo dà nù. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn, pé èmi tí mo fowó mi rà á, tí mo tún tà á fún ọmọ ọlọ́mọ, kò lè sọ.

Kérésìmesì tó kọjá, àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Maryland, ní Amẹ́ríkà, wálé. Ó mọ̀ pé mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ kéèkì, ó sì ra oríṣi mẹ́rin tó máa ń wà ní gbogbo súpámákẹ́ẹ̀tì lọ́hùn-ún wá fún mi. Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, a tẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, mo fi kéèkì onífánílà tèmi sí àárín wọn, a sì gé wọn ní kékeré-kékeré kí kálukú lè tọ́ gbogbo rẹ̀ wò.

Twinkie ni mo kọ́kọ́ mú, torí orúkọ rẹ̀ ti pẹ́ létí mi. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ James Dewar ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1930, ní ẹ̀bá Chicago. Iléeṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ ní agolo tí wọ́n fi ń yan kéèkì onísitirọ́bẹ́rì, agolo náà á sì wà láìríṣẹ́ ṣe bí àsìkò èso yẹn bá ti kọjá. Dewar wá rò ó pé kí wọ́n máa fi yan kéèkì tí wọ́n á fún kírímù sínú rẹ̀. Kírímù ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí i. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì mú kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọ́n ni wọ́n yí i sí fánílà, ó sì dúró síbẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé Twinkie kì í bàjẹ́ láéláé. Irọ́ ni. Kó tó di ọdún 2012 tí iléeṣẹ́ náà wọgbèsè, ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n péré ni wọ́n máa ń fún un, nígbà tó sì padà dé lọ́dún 2013, ọjọ́ márùndínláàádọ́ta ni. Ohun tí mo wá kọ́ lára rẹ̀ ni pé kírímù inú rẹ̀ kì í ṣe kírímù wàrà, ọ̀rá àti ṣúgà ni wọ́n pò. Bó ṣe gba ọ̀nà láti Abuja wá nínú báàgì àbúrò mi nìyẹn tí kò fi ṣe nǹkan kan. Ó rọ̀ múlọ́múlọ́, ó sì dùn.

Hostess CupCake, èyí tó dúdú, tó ní ìlà funfun tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ lórí, ni àwọn ọmọ ń jà sí. Tọ́lá ka ìlà náà, ó ní mẹ́jọ ni. Òótọ́ ni, mẹ́jọ ni wọ́n máa ń fà síbẹ̀.

Èyí tó mú mi lọ́kàn ni Oatmeal Creme Pie ti Little Debbie. Pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n fi oats ṣe ni, kírímù wà láàárín. Kì í ṣe dídùn ṣúgà lásán ni. Ó ń fà díẹ̀ lábẹ́ eyín, ó sì ní òórùn ṣúgà dúdú tó jinná, tí mo jẹ tí mo rántí àádùn. Ọdún 1960 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á lábẹ́ orúkọ Little Debbie, orúkọ ọmọ-ọmọ olówó iléeṣẹ́ náà, Debbie, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà yẹn, ni wọ́n fi sọ ọ́. Wọ́n wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ń kó méjìlá papọ̀ sínú páálí kan kí ìdílé lè rà á lẹ́ẹ̀kan náà. Gẹ́gẹ́ bí oníṣọ́ọ̀bù, mo bọ̀wọ̀ fún ọgbọ́n yẹn gan-an. Ẹ̀kẹrin, tí wọ́n fi ṣokoléètì bò, ti di ẹrẹ̀ kó tó kọjá Ọbàjànà. A fi ṣíbí jẹ ẹ́.

Mo kó díẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀ lọ fún ìyá mi ní ìlú Ìyàrá. Àárọ̀ ni, Màmá ti gbé kọfí kaná. Kọfí ilẹ̀ wa ni wọ́n máa ń mu, wọn kì í mu ti inú agolo. Wọ́n tọ́ ti òyìnbó wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n rọra ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú eyín tó kù. Wọ́n ní, "Ó dùn, ọmọ mi, ṣùgbọ́n ṣúgà rẹ̀ ń ha mí lọ́fun." Ni wọ́n bá mú onífánílà tèmi, wọ́n bó bébà rẹ̀, wọ́n ya á sí méjì, wọ́n rì í bọ kọfí títí dé ibi tí ìka wọn dì í mú. Kò tú sínú ife. Wọ́n jẹ ìkejì náà. Wọ́n ní irú rẹ̀ ni kí n máa mú bọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ní lòdì sí onífánílà yìí. Láílọ́ọ̀nù rẹ̀ kò yí padà láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kéèkì inú rẹ̀ ń kéré sí i. Tẹ́lẹ̀, méjèèjì máa ń fún mọ́ra ni. Ní báyìí, bí mo bá mi láílọ́ọ̀nù, mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń yí kiri. Kí wọ́n fi ogún náírà lé owó rẹ̀, kí wọ́n sì dá a padà sí bó ṣe wà. Àwọn oníbàárà mi á san án, mo ti bi wọ́n.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ọmọkùnrin kan tó ń fi ọkọ̀ pín ọjà kiri tún gbé páálí kéèkì pupa yẹn wá. Ó ní, "Mọ́mì, owó rẹ̀ ti wálẹ̀, ẹ mú mẹ́ta." Mo ní kó ṣí ọ̀kan, kó jẹ ẹ́ lójú mi. Ó wo páálí, ó wò mí, ó ní òun kì í jẹ kéèkì. Mo ra páálí mẹ́rin onífánílà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé pupa rẹ̀ padà sínú ọkọ̀.