Irinṣẹ́ ọwọ́ fún ilé àti ọgbà ní Àbújá: èyí tó tó owó rẹ̀ àti èyí tí kò tó o

Òòlù ni màá fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ni ọyẹ́ kọ́kọ́ ń bàjẹ́. Èyí tó ní èèkù igi máa ń dúró dáadáa nígbà òjò. Tó bá di Oṣù Kejìlá, igi á gbẹ, á súnkì, orí òòlù á sì máa mì. Ọ̀pọ̀ èèyàn á rì í sómi mọ́jú. Ó máa ń le padà lóòótọ́, àmọ́ bí igi ṣe ń wú nínú ihò irin ló ń tẹ ara rẹ̀ fọ́, tó bá wá gbẹ, á tú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òróró linseed tí àwọn péńtà ń lò ló dára jù láti fi rẹ ẹ́. Èmi fara mọ́ èyí tó ní èèkù fiberglass, tí wọ́n kọ 16 oz sí lára, nǹkan bíi gíráàmù 450. Ó tó fún ìṣó ínǹṣì 4 sínú pákó. Ẹ má fi lu ìṣó kọnkéré o: irin méjèèjì le, ojú òòlù lè ṣẹ́ kí ó fò sí yín lójú. Òòlù wúwo tó tó kílò kan ni ti ògiri.

Ayùn irin: férémù kò fi bẹ́ẹ̀ ní wàhálà, abẹ rẹ̀ ni kí ẹ fojú sí. Eyín 18 nínú ínǹṣì kan wà fún ọ̀pá irin ilé, 24 fún páìpù, 32 fún irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó kéré tán, kí eyín mẹ́ta máa kan ohun tí ẹ ń gé lẹ́ẹ̀kan náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ eyín á há, á sì ká. Kí eyín kọjú síwájú, kí abẹ sì fà le. Tí abẹ bá dá láàárín iṣẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kejì, torí ojú ibi tí abẹ àtijọ́ gé ti fún jù fún tuntun.

Píláyà ló ń tan èèyàn jẹ jù. Rọ́bà pupa tàbí yẹ́lò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ààbò iná. Àmì 1000V pẹ̀lú onígun mẹ́ta méjì tó wọnú ara wọn ni kí ẹ wá, kí ẹ sì tún pa iná kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà.

Ní ti ọgbà, yangí Àbújá kì í gba ṣọ́bìrì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn; ọrùn rẹ̀ á tẹ̀. Ẹ bu omi sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ fi dígà là á láàárọ̀, kí ṣọ́bìrì wá kó o. Dígà tí wọ́n ń ki igi rẹ̀ bọ̀ láti òkè ni kí ẹ rà: bí ẹ ṣe ń jù ú ni orí rẹ̀ ń há sí i. Igi àyín ló ń pẹ́ jù fún un.

Ọkọ́ kékeré tí àwọn Hausa ń pè ní fartanya dára fún oko títu láàárín ẹ̀fọ́, ẹ̀yìn nìkan ló ń dùn (erùkọ́ rẹ̀ kúrú). Kò ṣeé fi kọ ebè. Kí ẹ tó sanwó ọkọ́ tàbí àdá, ẹ fi fáìlì fá etí rẹ̀ díẹ̀. Tí fáìlì bá ń yọ̀ láìjẹ ẹ́, irin náà le jù, ó lè dá lára òkúta. Tó bá ń jẹ ẹ́ bí ọṣẹ, yóò kú lójoojúmọ́.

Irin kékeré tó wà lórí tépù tí a fi ń wọn nǹkan, tó ń mì, kò bàjẹ́. Bó ṣe nípọn tó ló ń sún, kí ìwọ̀n lè dọ́gba, yálà ẹ tì í mọ́ ògiri tàbí ẹ fi kọ́ etí pákó. Ẹ má kàn án pa.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kẹrin, ẹ fi àkísà tó ní ọ́ìlì díẹ̀ nu gbogbo irin, àmọ́ kí ó má kan èèkù, kí ó má baà yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ yín.