Ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹni tó ní ọ̀dà òun máa lé èébu ara ògiri yín lọ

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà ní London, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé inú ilé bíríkì àtijọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni wá wo ògiri yín. Ọkùnrin kan ń lọ káàkiri ilé àwa ọmọ Yorùbá, ó ń bá wa wo dámpù, ìyẹn ọ̀rinrin ara ògiri, lọ́fẹ̀ẹ́. Ó gba £2,350 lọ́wọ́ èmi àti ọkọ mi. Kí n tó mọ̀, ó ti gba ti àwọn méjì mìíràn nínú ìjọ wa.

Yàrá àwọn ọmọ mi wà lẹ́yìn ilé, níbi tí oòrùn kì í dé. Tí òtútù bá ti wọlé, láti oṣù Kọkànlá lọ, òkè ògiri tó wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ wọn máa ń bu. Á kọ́kọ́ rí tótòtó bíi pé ẹnì kan fọ́n èérú sí i, kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á ti dúdú bí ìdí ìkòkò. A ó nù ún, a ó kùn ún, á tún yọ. Àbíkẹ́yìn mi sì ń wúkọ́ lóru. Ìyá ọmọ tó bá gbọ́ irú ikọ́ bẹ́ẹ̀ láago méjì òru ò ní bi ẹni tó bá ní òun máa wò ó sàn ní ìbéèrè púpọ̀.

Ẹnì kan fún wa ní nọ́ńbà rẹ̀. Ó dé ní oṣù Kẹta, ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì fún ìyá ọkọ mi tó wá kí wa láti Abẹ́òkúta. Ó ní, "Màámi, ẹ kú ilé. Ẹ fọkàn balẹ̀, ọwọ́ ọmọ yín lọ̀rọ̀ yìí dé." Ìyá wa ti ń ṣàdúrà fún un kó tó fọwọ́ kan ògiri.

Ó yọ ẹ̀rọ kékeré kan tó ní abẹ́rẹ́ méjì lórí, ó tì í bọ ògiri, ẹ̀rọ náà ń ké píí, iná pupa ń tàn. Ó ní omi ilẹ̀ ló ń gun ògiri bọ̀ láti ìsàlẹ̀, pé bí a ò bá tètè ṣe é, ilé máa jẹrà mọ́ wa lórí. Òun máa lu ihò sí ìsàlẹ̀ ògiri, òun máa rọ kẹ́míkà sí i, lẹ́yìn náà òun máa fi ọ̀dà pàtàkì kan kùn ún. £2,900 ni, ṣùgbọ́n torí pé ọmọ ìyá ni wá, £2,350, tí a bá ti lè san £1,500 kílẹ̀ tó ṣú. Inú àkáǹtì ara rẹ̀ la fi owó ránṣẹ́ sí. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó sọ, kò bi wá léèrè ibi tí a ti ń sá aṣọ, kò wo fáànù ilé ìwẹ̀, kò béèrè bóyá a máa ń ṣí fèrèsé.

Ọjọ́ kan àtààbọ̀ ló fi ṣe é. Ó fún wa ní ìwé pé ọdún 20 ni gàráńtíì rẹ̀. Nígbà tí oṣù Kọkànlá yípo, èébu gba inú ọ̀dà funfun rẹ̀ yọ, ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ gan-an. Mo pè é, nọ́ńbà ò lọ mọ́. Àdírẹ́sì tó wà lórí ìwé já sí ilé ìfọṣọ. Mo wá tẹ orúkọ iléeṣẹ́ náà sí Companies House, ibi tí ìjọba ń kọ orúkọ iléeṣẹ́ sí, ọ̀fẹ́ ni, kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Wọ́n ti yọ orúkọ iléeṣẹ́ yẹn kúrò lórí ìwé kí òun tó wọ ilé wa rárá. Iléeṣẹ́ tí kò sí mọ́, ta ni yóò dúró ti gàráńtíì rẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n kan ló ní kí n wá surveyor, ìyẹn ẹni tó ń yẹ ilé wò, tí kì í ta ọ̀dà, tí kì í ta kẹ́míkà. Òun ò tilẹ̀ kọ́kọ́ yọ ẹ̀rọ kankan. Ó wo òkè ògiri, ó wo hítà tí aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ wà lórí rẹ̀, ó kàn mi orí. Nígbà tí mo sọ ti ẹ̀rọ tó ń ké, ó mú tirẹ̀ jáde, ó ní kí n na àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó rọra fi abẹ́rẹ́ méjèèjì kàn án. Píí. Ó ní bí iná ṣe ń gba inú nǹkan kọjá ni ẹ̀rọ yẹn ń wò, pákó ni wọ́n sì ṣe òǹkà rẹ̀ fún. Iyọ̀ tó bá wà lára ògiri àtijọ́ tó láti mú un pariwo.

Ó wá gé bébà fọ́ìlì tá a fi ń wé ẹran, ó fi téèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ojú ògiri tó bu, ó ní ká fi í sílẹ̀ fọ́jọ́ méjì. Bí omi bá wà lẹ́yìn rẹ̀, inú ògiri ni omi ti ń bọ̀. Bó bá wà lójú rẹ̀, inú yàrá ló ti ń bọ̀. Nígbà tí mo ṣí i, ojú rẹ̀ ń kán tótó, ẹ̀yìn rẹ̀ gbẹ táútáú.

Ìrì ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí ìgò mínírà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú fíríìjì ṣe máa ń làágùn, bẹ́ẹ̀ ni ògiri wa ń làágùn. Ẹ̀wà tá a gbé kaná fún wákàtí méjì, omi gbígbóná tá a fi wẹ̀, aṣọ tútù tá a sá sílé, èémí wa lóru, inú afẹ́fẹ́ ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Ògiri ilé àtijọ́ wọ̀nyí kò ní àlàfo láàárín, bíríkì gbalasa ni, nǹkan bí ínǹṣì 9, òtútù ìta ń gbà á wọlé. Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù tí afẹ́fẹ́ kì í dé ni ìrì máa ń sẹ̀ sí jù. Omi ilẹ̀ ní tirẹ̀, láti ìsàlẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í sábà gùn ju nǹkan bíi mítà kan lọ, ó sì máa ń fi ìlà àti iyọ̀ funfun sílẹ̀. Tiwa wà nítòsí àjà.

Agolo ọ̀dà rẹ̀ kan ṣẹ́ kù lẹ́yìnkùlé. Bébà ara rẹ̀ ti ń ṣí, mo fi èékánná họ ọ́. Ọ̀dà àjà lásán, tí ẹnikẹ́ni lè rà ní ṣọ́ọ̀bù, ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀dà tó ní oògùn èébu nínú wà lóòótọ́ o, ṣùgbọ́n kò lè dá ìrì dúró, agbára oògùn náà a sì máa tán díẹ̀díẹ̀.

A ti fa kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri, a fi fáànù tó ń fa ooru omi síta sí ilé ìwẹ̀ àti ilé ìdáná, ilé ìwẹ̀ la ti ń sá aṣọ báyìí, ilẹ̀kùn títì, fáànù títàn. Mo ra ẹ̀rọ tó ń ka ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, nǹkan bíi £10. Tó bá ti kọjá 60%, mo ń ṣí fèrèsé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi bleach fọ ògiri, ẹ má ṣe pò ó mọ́ fínígà tàbí àmóníà láé, èéfín rẹ̀ lè pààyàn.

Bó bá jẹ́ ilé káńsù tàbí housing association lẹ wà, ẹ má ra ọ̀dà kankan rárá. Awaab Ishak, ọmọ ọdún méjì tó ń gbé ní Rochdale, kú ní oṣù Kejìlá 2020 nítorí èébu inú ilé. Nígbà tí bàbá rẹ̀ fẹjọ́ sùn ní 2017, àwọn tó ni ilé ní kó kun ọ̀dà lé e. Láti ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá 2025, òfin tí wọ́n fi orúkọ ọmọ náà pè ti mú un ní dandan kí wọ́n yẹ dámpù tó lè ṣe yín ní jàǹbá wò láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10. Ẹ kọ̀wé sí wọn, ẹ ya fọ́tò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fọwọ́ sí ìwé ọkùnrin yìí nínú ilé yín, ọjọ́ 14 ni òfin fún yín láti yí ọkàn padà. Bí kò bá fún yín ní ìwé tó sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀tọ́ yẹn á fi oṣù 12 gùn sí i. Ẹni tó bá fi káàdì gbèsè (credit card) san ju £100 lọ, kó pe báǹkì rẹ̀ kó sì dárúkọ Section 75, òfin tó jẹ́ kéèyàn lè béèrè owó rẹ̀ padà lọ́wọ́ báǹkì tó ni káàdì. Àwa mẹ́ta ti kó ìwé wa jọ, a sì ti gba ọwọ́ Citizens Advice, àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, fi ẹjọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Trading Standards, àwọn aláṣẹ tó ń mú oníṣòwò tó bá rẹ́ni jẹ. Bó bá ti ṣiṣẹ́ nílé tiyín náà, ẹ fi fọ́tò ògiri, rìsíìtì àti ọjọ́ tó wá ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, kí n lè fi kún un.