Àgbéyẹ̀wò: Mo Sanwó Ẹ̀kọ́ Títàkìtì nínú Toribash, Ìfò Ẹlòmíràn Ni Wọ́n Kọ́kọ́ Fún Mi

Inú ló bí mi tí mo fi jókòó kọ èyí. Toribash jẹ́ eré ìjà orí kọ̀ǹpútà; ẹni tó bá ti gbá a rí mọ̀ pé oríkèé ara ẹni inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan là ń darí.

Mo sanwó fún àwọn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ní àwọn máa kọ́ mi bí a ṣe ń ṣe replay títàkìtì, ìyẹn fáìlì tó ń pa ìṣesí ara inú eré mọ́ kí a lè tún un wò. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ wù mí gan-an: Tori, ẹni inú eré tí à ń darí, ju apá sẹ́yìn, ó fi ẹsẹ̀ òsì ta ara rẹ̀ sókè, ó yí lẹ́ẹ̀mejì kó tó balẹ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ni, kí n tẹ bọ́tìnì E nígbà tó bá wà lókè, kí n máa bá a lọ láti ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ojú mi ti rí ìfò yẹn rí. Fáìlì replay (rpl) kò ju ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà lọ, mo bá ṣí i, mo sì ṣí replay ẹlòmíràn tó ti wà lọ́wọ́ mi tipẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo ìlà JOINT, èyí tó ń sọ ohun tí oríkèé kọ̀ọ̀kan ṣe, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí tí ẹsẹ̀ fi kúrò nílẹ̀, bára mu régí. Orúkọ tó wà lókè fáìlì nìkan ni wọ́n yí padà!

Mo kọ̀wé sí òṣìṣẹ́ wọn. Ó ní, "Ẹ má bínú, gbogbo ayé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìfò ìbẹ̀rẹ̀ kò ní ẹni tó ni ín, ó sì máa jẹ́ kí iṣẹ́ yín tètè yá." Mo ní ẹ dárúkọ ẹni tó ṣe é nígbà náà. Ó ní òun máa bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Yíyá tó ń wí yẹn gan-an ló ń dùn mí. Ibi tí a ti fò ni iṣẹ́ wà. Tí ẹsẹ̀ bá ti kúrò nílẹ̀, ara lè ká, ó lè nà, kò lè rí agbára tuntun láti fi yí mọ́. Ẹni tó bá gba ìfò ẹlòmíràn, ara ẹlòmíràn náà ló ń bá yí.

Wọ́n wá yí olùkọ́ padà fún mi, mi ò sì lè parọ́ mọ́ ọn: ẹni yìí mọṣẹ́. Kò fún mi ní fáìlì kankan. "Ẹ tú ọrùn àti ọwọ́ sílẹ̀, ẹ má di gbogbo oríkèé mú. Ẹ jẹ́ kí orúnkún nà tán kí àyà tó yí." Mo ṣe bẹ́ẹ̀, Tori fò, ó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ń bọ̀ wálẹ̀ gbọọrọ. Mo fẹ́ pa á rẹ́. Olùkọ́ ní rárá, kí n ká orúnkún, kí n jẹ́ kí èjìká gba ilẹ̀. Tori yí gba orí èjìká, ó sì fi ẹsẹ̀ kan dìde nílẹ̀. N kò rí irú rẹ̀ nínú replay ẹnikẹ́ni rí. Inú mi dùn débi pé mo ń wò ó lọ, mo ń wò ó bọ̀.

Síbẹ̀, fáìlì àkọ́kọ́ yẹn ṣì wà lórí àtẹ wọn, orúkọ wọn ló wà lára rẹ̀. Mo tún bèèrè, òṣìṣẹ́ yẹn kò fèsì, ọ̀gá tó ní òun máa bá sọ̀rọ̀ náà kò gbin.

Máàkì: 4 nínú 5.